Fíláàṣì Ọ̀sán Gangan Lójú Bàbá Mi

Ní àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá bi ọmọdé léèrè pé ta ni kámẹ́rà kò lè mú, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn. Bàbá mi ni. Àáfà ni wọ́n, wọ́n ní ilé kéwú, wọ́n sì ti ń kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá ya Bàbá ní fọ́tò, láwàní funfun ló máa rí, agbádá funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Níbi tó yẹ kí ojú wà, òkùnkùn ni. Kò sí imú, kò sí ẹnu, irùngbọ̀n pàápàá ò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ní ọlá Kùránì ló bo ojú wọn.

Èmi ni onífọ́tò tó wà nínú ilé náà, èmi ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Kò sí nǹkan kan tó bo ojú Bàbá. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí ni. Igi odán ńlá kan wà níwájú ilé wa, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ awọ àgbò sí. Wọ́n á kọjú sí ilé, wọ́n á kẹ̀yìn sí títì. Abẹ́ igi ṣú, títì mọ́lẹ̀ kedere, páànù òrùlé àwọn ará òdìkejì ń tàn yanran, láwàní funfun báláú, Bàbá fúnra wọn sì dúdú mìnìjọ̀. Kámẹ́rà ò gbọ́n tó ojú èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ló máa gbájú mọ́, ẹni tó wà níwájú á sì di òjìji.

Bàbá kò sọ ọ́ rí pé kámẹ́rà ò lè mú àwọn o. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́, Bàbá kàn ò já wọn ní koro ni. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù dé, tó ní, "Àáfà, ẹ wò ó, ojú yín ò tún jáde," Bàbá á mi orí díẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló mọ̀," wọ́n á sì máa fa tẹ̀sùbáà wọn lọ. Ẹ ò lè fi ẹ̀sùn irọ́ kan ẹni tó ní Ọlọ́run ló mọ̀.

Káàdì ìdìbò wọn náà, òkùnkùn ni, nítorí pé fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni òṣìṣẹ́ tó yà wọ́n ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí. Káàdì yẹn ti dé Sábó, ó ti dé Irẹsà, wọ́n ń gbé e kiri bí ẹ̀rí. Àgbà ọmọ kéwú Bàbá, ọkùnrin kan tó ti ń kọ́ kéwú lọ́dọ̀ wọn láti kékeré tó fi wá ní ìyàwó àti ọmọ, ló máa ń tẹ kàlẹ́ńdà ilé kéwú wa lọ́dọọdún. Àárín kàlẹ́ńdà ni ó ń fi Bàbá sí, láwàní pẹ̀lú òkùnkùn. Àwọn onígbàjámọ̀ ń gbé e kọ́ ara ògiri, àwọn awakọ̀ ń ká a sẹ́yìn àga. Obìnrin kan ní Irẹsà gbé e kọ́ sí ìgbèrí rẹ̀ nígbà tó lóyún, ó sì bí ìbejì. Wọ́n ní kàlẹ́ńdà ni. Ọkọ rẹ̀ ò rí nǹkan kan sọ sí i.

Èmi náà, bí mo ṣe ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín yìí, n kò mọ ojú Bàbá tó bó ṣe yẹ. Nínú ilé mo ń rí wọn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń jẹun tàbí tó fẹ́ sùn ni mo ń rí. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí nígbà tí mo bá ń ka kéwú, n kò rí i rí. Iwájú wọn ni a máa ń jókòó sí lórí ẹní, wàláà lórí itan, oòrùn títì á máa gún wa lójú. Láwàní ni mò ń rí, àti pàṣán. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, mo fi ọgbọ́n ara mi parí rẹ̀: mo gbà pé ìbínú ni. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kà, mo gbà pé wọ́n ń fajú ro. Bí mo bá kà á dáadáa tí wọn kò sọ nǹkan kan, mo gbà pé wọ́n tún fajú ro náà ni.

Abẹ́ igi yẹn ni mo ti lọ sọ fún wọn pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo fẹ́ kọ́. Tíṣà Lárúbáwá ni wọ́n fẹ́ kí n jẹ́, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "O lè lọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Inú mi ò dára, n kò ní fi pamọ́; ìyá mi ní ìyá ọkọ òun ni mo fi inú jọ. Mo di ẹrù mi, mo gba Ọ̀yọ́ lọ, mo sì ń sọ nínú mọ́tò pé Bàbá á rí i.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìtòsí ọjà Akẹ̀sán ló ní ṣọ́ọ̀bù. Aládùúrà ni, tó bá di ọjọ́ Sunday á wọ sùtánà funfun, á sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jáde lọ ṣiṣẹ́ níta, aago méjìlá ọ̀sán ti lù, oòrùn sì ń jó èèyàn látorí dé ẹsẹ̀. Ọ̀gá mi fa fíláàṣì yọ, ó fi lé orí kámẹ́rà. Ẹ̀rín pa mí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀sán mà ni."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ọkùnrin kan tó ń fín igbá ló fẹ́ yà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí títì bíi ti Bàbá. Ó kọ́kọ́ yà á láìtan iná. Ó fi hàn mí: òkìtì dúdú kan tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó wá tan fíláàṣì, ó tún yà á. Àwọn tó ń kọjá lọ ń bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀yin yìí, ṣé oòrùn Ọlọ́run ò tó yín ni?" Ọ̀gá mi na kámẹ́rà sí mi. Ojú ọkùnrin náà ti jáde. Mo rí àpá kékeré ní àgbọ̀n rẹ̀, mo rí eruku igbá lórí irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Títì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ kó mọ́lẹ̀, bí ẹni pé wọn ò tan iná kankan.

Ọ̀gá mi ní, "Iyọ̀ ni fíláàṣì ọ̀sán. Bí wọ́n bá jẹ ọbẹ̀ tí wọ́n ní iyọ̀ yìí mà dùn o, o ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Mo ba ọ̀pọ̀ jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo ya ìyá àgbà kan nínú ìjọ ọ̀gá mi pẹ̀lú sùtánà wọn, mo jẹ́ kí iná náà le jù, ojú wọn funfun bí ẹni pé wọ́n da àtíkè lé wọn lórí. Ìyá náà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní àwọn ò tíì kú. Ọdún kan gbáko ni wọn ò fi jẹ́ kí n ya àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ afíngbá yẹn ni ọkàn mi ti kúrò ní Ọ̀yọ́. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan, mo ní, "Bàbá, ọwọ́ mi ti tẹ̀ yín."

Nígbà tí mo gba fíríìdọ̀mù, mo padà sílé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìkóríta Ọjà Igbó. Mo rò pé èrò á rọ́ wá. Èrò rọ́ wá lóòótọ́, láti wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ tó o lọ kọ́ fọ́tò títí dé Ọ̀yọ́, ya bàbá rẹ ká rí i." Màláámù kan láti Sábó tó ń ti ọmọlanke àlùbọ́sà kọjá, kò ní kí mi tán kó tó bi mí pé, "Ọmọ Àáfà, ojú Bàbá ti jáde?" Ìyá kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin wo gbogbo fọ́tò tí mo gbé kọ́, ó gbóríyìn fún mi, ó wá ní òun ò ní lè gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní ẹni tí ò lè ya bàbá ara rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ya ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé lọ. Mo bá àgbà ọmọ kéwú níwájú ilé, òun àti àwọn èèyàn bíi mélòó kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wòlímọ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí àwọn tó kàwé yege máa ka Kùránì létí gbogbo ayé. Mo sọ fún un lójú gbogbo wọn pé lọ́jọ́ wòlímọ̀, lábẹ́ igi odán yìí, lọ́sàn-án gangan, màá ya Bàbá, ojú wọn á sì jáde. Bí kò bá jáde, kí wọ́n má pè mí ní onífọ́tò mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ìyá mi pè mí sínú yàrá. Wọ́n ní, "Má dójú ti bàbá rẹ."

Mo ní, "Màmá, fọ́tò lásán ni."

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa." Èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tò lásán. Mo fẹ́ kí Bàbá rí i pé iṣẹ́ tí mo yàn níṣẹ́ ń jẹ́. Mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i lójú àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Wọ́n ta kánópì sí ẹ̀gbẹ́ ilé, àwọn ọmọ wọ funfun, wọ́n kàwé, àwọn ìyá wọn ń sunkún ayọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà tán, kò sẹ́ni tó dìde lọ sídìí oúnjẹ, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ò wọ́pọ̀ níbi wòlímọ̀. Fọ́tò ni wọ́n ń dúró dè. Màláámù alálùbọ́sà wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó yẹn wà níbẹ̀, ó ti gbé àga sún mọ́ iwájú. Bàbá jókòó sórí awọ àgbò wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí títì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Mo fi kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ títì, kí páànù má baà funfun jù. Mo fi fíláàṣì sórí rẹ̀, mo dín agbára rẹ̀ kù, mo tún dín in kù. Mo yọ háńkáṣíìfù funfun mi, mo fi wé ẹnu fíláàṣì kí iná náà lè rọ̀. Ẹnì kan ní, "Iná lọ́sàn-án?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní tí mo ti ń ka kéwú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oòrùn sì gún mi lójú bó ṣe máa ń gún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná bù yẹ̀rì.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bàbá na ọwọ́ sókè, wọ́n dúró.

Bàbá ní, "Gbé e wá."

Mo gbé e lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, a sì jọ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà náà, ibi tí fọ́tò ti ń hàn. Ewé odán wà níbẹ̀, páànù wà níbẹ̀, títì mọ́lẹ̀, láwàní funfun láìfọ́jú. Lábẹ́ láwàní, ojú Bàbá. Gbogbo rẹ̀: ìlà iwájú orí, irùngbọ̀n tó ti funfun, ìpéǹpéjú tó ti rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kọ́ ni wọ́n ń wò, èmi ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ru omi láti odò tó sì gbé e délé láìdà á nù.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rọra ní, "Ìgbà wo ni n kò rẹ́rìn-ín? Kéwú tí ẹ̀yin máa ń kà yẹn, ta ló lè gbọ́ ọ tí ò ní rẹ́rìn-ín?"

"A rò pé ẹ ń bínú ni."

"Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò nìyẹn. Kí lo rò pé ó fà á tí mo fi ń kẹ̀yìn sí títì? Bí ọmọdé bá ti rí ẹ̀rín lójú Àáfà, ó ti kàwé tán nìyẹn."

Mo wo Bàbá, mo wo igi, mo wo títì. Èmi tó ti lọ lo ọdún mẹ́ta gbáko ní Ọ̀yọ́ nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn, ẹni tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ jẹun wà nílé wa. Inú bí mi, ó sì tún dùn mọ́ mi nínú. Nítorí pé inú bí mi, mo ní, "Ẹ wá jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé kámẹ́rà ò lè mú yín. Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?"

Bàbá ní, "Àwọn ìyàwó tí ò ń fi kọ̀ǹpútà nu irorẹ́ kúrò lójú wọn, ṣé o máa ń sọ fún ọkọ?"

Mo yíjú sí kámẹ́rà ọwọ́ mi.

Àwọn èrò ti ń sún mọ́ wa. Àgbà ọmọ kéwú ti na ọrùn jáde bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Mo bi Bàbá bóyá wọ́n fẹ́ kí n pa á rẹ́. Wọ́n ní, "Tìẹ ni. Ìwọ lo yà á. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o ṣe é." Wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Mo dìde, kámẹ́rà lọ́wọ́. Mo kàn máa gbé e sókè ni, ọ̀rọ̀ á parí. Màláámù á pa ẹnu dé. Ìyá ìyàwó á bẹ̀ mí. Mo ti fi ọdún mélòó kan ro bí ọjọ́ yẹn ṣe máa dùn tó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí mo bá gbé e sókè, ẹ̀rín yẹn á wà lára ògiri gbogbo onígbàjámọ̀ ìlú, àwọn ọmọ kéwú á sì jókòó lábẹ́ igi lọ́la, wọ́n á máa wá ẹ̀rín lójú Àáfà. Bẹ́ẹ̀, èmi ni wọ́n rín in fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, kì í ṣe pé mo dára. Ahun ló ṣe mí. N kò fẹ́ pín in fún ẹnikẹ́ni.

Mo padà sórí ẹní. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un yà, háńkáṣíìfù ló bà á jẹ́." Ọwọ́ mi lọ sí ìdí fíláàṣì, mo pa á. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo gbé èyí sókè fún wọn: láwàní, agbádá, tẹ̀sùbáà, àti òkùnkùn biribiri.

Ariwo tó sọ, wọ́n gbọ́ ọ dé Ọjà Igbó. Wọ́n ń ké Àlláhù Àkbárù, àgbà ọmọ kéwú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Wọ́n ní iná tí mo tan lọ́sàn-án gan-an ò ran ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ní iná náà gan-an ló sá padà, òun fi ojú òun rí i. Màláámù alálùbọ́sà fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n ṣe sùúrù. Mo wo Bàbá. Wọ́n ti jókòó padà sínú òkùnkùn wọn, n kò rí nǹkan kan lójú wọn. Ṣùgbọ́n èjìká wọn ń mì.

Orúkọ tuntun ni wọ́n wá fún mi: onífọ́tò tí bàbá rẹ̀ ju kámẹ́rà lọ. Mo gbà á. Ìyá ìyàwó yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ohun tó borí mi kì í ṣe ohun tí èèyàn lè bá jà, kí n wá ya ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo yà á lọ́sàn-án gangan, mo fi fíláàṣì kékeré sí gbogbo ojú tó wà lábẹ́ gèlè. Wọ́n ní fọ́tò náà mọ́, wọn ò mọ ohun tó fà á. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn.

Ti Bàbá, n kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo gbé e láti inú kámẹ́rà sínú fóònù mi, n kò fi han ìyá mi pàápàá. Bàbá kò béèrè rẹ̀ rí. Wọ́n ṣì ń jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí, wọ́n sì máa ń pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun àsárì, bíi pé ọ̀nà jìn: kí ló dé tí n kò wá kí ìyá mi, ṣé mo ti kírun, ta ló ní kí n wọ irú aṣọ tí wọ́n rí lára mi lánàá. Ohùn náà á máa le bí ó ṣe ń le láti kékeré mi. Tẹ́lẹ̀, màá ti dáhùn pẹ̀lú ìbínú. Nísinsìnyí, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró díẹ̀, màá ṣí fọ́tò náà, màá wò ó dáadáa, kí n tó dá wọn lóhùn.